"Fíúsì ò já, kì í ṣe wáyà"

Gbólóhùn yìí ti sú mi. "Ọ̀gá riwáyà, mo ti yẹ gbogbo fíúsì wò, ìkankan ò já, kì í ṣe wáyà." Awakọ̀ ń sọ ọ́, mẹkáníìkì ń sọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi pàápàá sọ ọ́ lóṣù tó kọjá.

Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn gbé Camry Pencil Light wá. Slow ọkọ̀ náà, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹ ò tẹ accelerator, ga díẹ̀, kì í sọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ kódà bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán. Ẹ fa sítíárìn sọ́tùn-ún, ẹ fà á sósì, slow ò ní mira. Wọ́n ti fọ throttle tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti pààrọ̀ idle valve tó ń darí slow, wọ́n wá ní brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kù. Kò sẹ́ni tó wo wáyà, torí fíúsì ò já.

Súìṣì kékeré kan wà níbi pọ́ńpù sítíárìn tó ń lo ọ́ìlì. Tí ẹ bá yí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, pọ́ńpù á le, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ kú. Súìṣì yìí ló ń ta brainbox lólobó pé ẹrù ti wúwo o, kó fi kún slow. Ní ti Camry yìí, wáyà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀. Bọ́dì pọ́ńpù ni earth rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Bí ọ́ìlì bá ti le, súìṣì á so wáyà náà mọ́ bọ́dì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí fíúsì kò fi ní já bí wáyà yẹn bá kan bọ́dì nìyí. Iná orí wáyà yẹn kì í ti inú àpótí fíúsì bọ́ síbẹ̀ tààrà. Inú brainbox ló ti ń jáde, ó sì ní láti gba inú resistor kan, ohun tó ń dín iná kù, kọjá kó tó dé orí wáyà. Resistor yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà. Ẹ rántí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí díẹ̀, tó ń kán tó, tó, tó. Bí ẹ bá gé rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣé omi á ya lù yín ni? Kíkán náà ni yóò máa kán. Ká ní volt 12 ni iná, kí resistor jẹ́ ohm 1000. Bí wáyà bá tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ bọ́dì pátápátá, amp 0.012 péré ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Amp 10 ni fíúsì tó wà lókè. Ẹ pín in wò: ìlọ́po 800 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíúsì yẹn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ brainbox mọ̀ ní tiẹ̀: ó gbà pé ẹ ń fa sítíárìn tọ̀sán-tòru.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, bíríìjì ni bíríìjì ń jẹ́ o." Bíríìjì ni pé wáyà kan bọ́dì tàbí wáyà mìíràn níbi tí kò yẹ. Mo ní kó gbé mítà wá, kó fi sáàárín wáyà yẹn àti bọ́dì, kó ka amp rẹ̀. Kò tó nǹkan. Ó wo mítà, ó wo àpótí fíúsì, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni mo tún gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà mìíràn pé kì í ṣe wáyà, fíúsì ò já.

Ẹ jẹ́ n parí ti Camry. Mo yọ ẹnu wáyà kúrò lára súìṣì, slow ò sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà súìṣì kọ́ ló ń purọ́. Mo yọ orí bátìrì, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brainbox, mo fi mítà sáàárín wáyà àti bọ́dì: ó ń ké, ìyẹn ni pé wáyà ṣì kan bọ́dì. Wáyà tí a ti yọ lórí méjèèjì, kí ló tún dà á pọ̀ mọ́ bọ́dì? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pọ́ńpù títí mítà fi dákẹ́. Ẹni tó pààrọ̀ pọ́ńpù tẹ́lẹ̀ ló fi nylon dè é mọ́ etí irin kan. Irin ti jẹ ara wáyà. Bàbà tó yọjú síta ò ju hóró ìrẹsì lọ, ó ń dán bí òrùka tuntun.

Mi ò sọ pé gbogbo slow tó ga, wáyà ni o. Rọ́bà tó ya tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ìdọ̀tí inú throttle ń fà á ju wáyà lọ fíìfíì. Ọkọ̀ sì yàtọ̀ síra. Nínú ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́, súìṣì yìí máa ń so mọ́ earth nígbà tí sítíárìn bá tọ́, ìgbà tí ẹ bá yí i ló ń já a. Tí wáyà bá kan bọ́dì níbẹ̀, brainbox ò ní mọ̀ rárá pé ẹ yí sítíárìn. Wáyà tó bá já ló máa ṣe bíi ti Camry yìí. Nítorí náà, ẹ wá àwòrán wáyà ọkọ̀ tiyín.

Ẹ má sì tìtorí èyí sọ pé fíúsì ò wúlò, kí ẹ lọ ki èyí tó tóbi bọ̀ ọ́. Wáyà tó ti orí bátìrì wá láìsí resistor kankan lójú ọ̀nà, ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ford rí i ní Amẹ́ríkà. Súìṣì kékeré tó ń pa cruise control wọn (ohun tó ń di eré ọkọ̀ mú sójú kan), iná wà lórí rẹ̀ kódà bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ọ́ìlì bíréèkì ń jò wọ inú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ kan sì gbiná níbi tí wọ́n páàkì sí. Láàárín 1999 sí 2009, ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ni wọ́n pè padà, wáyà tó ní fíúsì tirẹ̀ lára ni wọ́n sì fi tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Ohun mìíràn: ẹ má fi gílóòbù oníwáyà méjì yẹ wáyà brainbox wò. Iná tí gílóòbù ń fà lè ju ohun tí brainbox lè gbé lọ. Mítà ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹni tó ni Camry sanwó, ó wá dúró. "Ọ̀gá, brainbox tí mo rà ńkọ́?" Ó wà nínú búùtù, nínú nylon dúdú. Ẹni tó tà á fún un ní ọjà tí iná bá ti kàn, òun kì í gbà á padà.