Nígbà tí dísìkì ìbàdí bá bẹ́: ibi tí ìrora ti ń wá àti bó ṣe ń lọ

Ẹni tí dísìkì ìbàdí rẹ̀, ìyẹn ohun tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, bẹ́ kì í sábà mú ẹjọ́ ẹ̀yìn lọ bá dókítà. Ẹjọ́ ẹsẹ̀ ló máa ń rò. Ìrora á gbéra láti ìdí, á gba ẹ̀yìn itan, á kọjá orúnkún, á sì wọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á rà á, wọ́n á dì í, kò ní lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ò ṣe nǹkan kan. Inú ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn okùn tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara, ti ń jáde lọ sí ẹsẹ̀.

Eegun 24 tó lè tẹ̀ tó sì lè yí ló tò léra wọn ní ẹ̀yìn: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìbàdí. Abẹ́ wọn ni eegun ìdí wà, tó ti lẹ̀ mọ́ra di ẹyọ kan. Àwọn dókítà ń pe ti ìbàdí ní L1 títí dé L5, wọ́n sì ń pe òkè eegun ìdí ní S1. Dísìkì ló wà láàárín eegun kan àti èkejì, òun ló ń gba ìwúwo ara, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀yìn lè tẹ̀. Apá méjì ló ní. Ìta rẹ̀ jẹ́ òrùka líle, ìpele bíi 15 sí 25 tó wé mọ́ra wọn, tí fọ́nrán ọ̀kan sì dábùú ti èkejì bí okùn inú táyà ọkọ̀ ṣe ń dábùú ara wọn kí táyà má baà ya. Àárín rẹ̀ ni ohun rírọ̀ kan wà tó ki, tó sì ń fà. Lára ọ̀dọ́, ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ omi. Tó bá di ojúmọmọ, ìwúwo ara á máa fún omi yìí jáde díẹ̀díẹ̀; lóru, téèyàn bá dùbúlẹ̀, dísìkì á fà á padà. Ìdí nìyẹn tí gíga èèyàn láàárọ̀ fi máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti alẹ́.

Ohun tó fa àléébù dísìkì ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀. Lára àgbàlagbà, oúnjẹ àti ọ́síjìn tó ń jẹ ń jò wọlé láti ara eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, egbò ibẹ̀ kì í tètè jinná, àpá tó bá sì bò ó kì í le tó ti tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni dísìkì ń bẹ́. Láti nǹkan bí ogún ọdún ayé ẹni ló ti ń pàdánù omi. Òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í là tín-ín-rín láti inú bọ̀ síta, ohun rírọ̀ àárín á sì máa wá ọ̀nà gba ojú ibi tó là yẹn. Tí òrùka bá kàn wú yíká, ìyẹn ò tíì di bíbẹ́. Tó bá ru síta lójú kan, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ohun inú rẹ̀ bá ya òrùka kọjá, ó bẹ́ pátá, nígbà míì sì rèé, èyí tó jáde á já kúrò lára dísìkì, á dá dúró nínú ihò eegun ẹ̀yìn. Kò sí eegun kankan tó yẹ̀ kúrò níbi tó wà nínú gbogbo èyí.

Ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Iwájú òrùka nípọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́, àmọ́ okùn líle kan ti dì í mú ní àárín gbùngbùn. Ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn, lọ́tùn-ún tàbí lósì, ló rọrùn jù láti gbà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ń gbà kọjá.

Nínú dísìkì ìbàdí 100 tó bẹ́, nǹkan bí 95 ló jẹ́ àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ti àárín L4 sí L5, àti ti àárín L5 sí S1. Ìwúwo gbogbo òkè ara ló wà lórí wọn, ibẹ̀ náà lèèyàn sì ti ń tẹ̀ jù. Ọjọ́ orí 30 sí 50 ló wọ́pọ̀ jù, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Èèyàn á rò pé arúgbó ló yẹ kó máa ṣe jù. Rárá o. Dísìkì arúgbó ti gbẹ, ohun inú rẹ̀ ti le, kò rọrùn fún un mọ́ láti ṣàn jáde.

Tí wọ́n bá bi aláìsàn léèrè, ọ̀pọ̀ ló máa dárúkọ ọjọ́ kan: ọjọ́ tó gbé ẹrù wúwo, ọjọ́ tó sín, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà. Ọjọ́ yẹn lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló pilẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn míì ò tilẹ̀ rí nǹkan kan tọ́ka sí, wọ́n kàn jí láàárọ̀ ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì ní Finland, tí ọ̀kan ṣe iṣẹ́ agbára tí èkejì sì ń jókòó ṣiṣẹ́, fi hàn pé dísìkì àwọn méjèèjì ṣì jọra gan-an. Àjogúnbá ló rinlẹ̀ jù, ẹrù gbígbé ò sì lágbára tó bí aráyé ṣe ń rò ó. Ìyẹn ò sọ pé kò ní ipa kankan: gbígbé ẹrù léraléra pẹ̀lú yíyí ẹ̀yìn, wíwa ọkọ̀ tó ń gbọ̀n fún wákàtí gígùn, àti sísanra jù wà lára ohun tó ń dá kún un. Sìgá náà wà níbẹ̀, torí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ẹ̀bá dísìkì kù, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti ìjókòó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1960, Alf Nachemson, dókítà eegun ní Sweden, ki abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìfúnpá bọ inú dísìkì àwọn èèyàn tó wà láàyè. Ìfúnpá kéré jù nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀, ó ga díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n dìde dúró, ó tún ga sí i nígbà tí wọ́n jókòó, ó sì wá ròkè nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n tún tẹ̀ síwájú. Ó bá ẹnu àwọn aláìsàn mu: púpọ̀ nínú wọn ló fara mọ́ ìrìn ju àga lọ.

Nígbà kan, àwọn oníṣẹ́ abẹ tó bá rí ègé dísìkì nínú ihò eegun ẹ̀yìn ń rò pé kókó kan ló hù síbẹ̀. Ní 1934, William Mixter àti Joseph Barr ní Boston, Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé wọn jáde pé dísìkì tó bẹ́ ni, pé òun ló ń fún iṣan ìmọ̀lára pọ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń ro ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Iṣan ìmọ̀lára tó wà ní àlàáfíà, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni ibi tó ń lọ máa ń kú, téèyàn ò ní mọ nǹkan lára níbẹ̀ mọ́, kì í roni bẹ́ẹ̀. Kó tó lè dá oró sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wú, kó sì ti gbóná. Ohun inú dísìkì ló ń ṣe ìyẹn. Torí pé ó ti wà ní títì pa níbi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ò mọ̀ ọ́n rí. Tó bá tú síta, wọ́n á kọlù ú, ìkọlù náà á sì kan iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dísìkì tó yọ díẹ̀ fi lè mú ẹnì kan sunkún lóru, tí èyí tó yọ gan-an kì í sì í ro ẹlòmíràn rárá.

Ibi tí ìrora bá gbà ni yóò sọ iṣan tí ọ̀ràn kàn. Dísìkì L4 sí L5 sábà máa ń mú iṣan L5: ìrora á gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun wá sí òkè ẹsẹ̀, àtàǹpàkò ò ní fẹ́ gbé sókè, tó bá sì le, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Dísìkì L5 sí S1 ń mú iṣan S1: ẹ̀yìn ojúgun, gìgísẹ̀ àti etí ẹsẹ̀ níta títí dé ọmọ ìka tó kéré jù ni yóò máa ta, ẹni náà ò sì ní lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró lórí ọmọ ìka. Ti L4 kò wọ́pọ̀ tó wọn, iwájú itan àti orúnkún ló ń bá jà. Lára àwọn míì, ìrora nìkan kọ́. Ibẹ̀ á máa ta bí abẹ́rẹ́, tàbí kó kú débi pé wọn ò ní mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ikọ́, sísín àti fífi agbára yàgbẹ́ máa ń mú kí oró ta gba ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tó ti ń dunni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì lè rọlẹ̀ lọ́jọ́ tí ti ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀.

Dókítà kì í nílò ẹ̀rọ kó tó fura. Aláìsàn á fẹ̀yìn lélẹ̀, dókítà á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní nínà láìká orúnkún. Tí oró bá ta kọjá orúnkún láàárín 30 sí 70 dígírì, iṣan náà ni wọ́n ń fà yẹn. Yóò ní kó fi gìgísẹ̀ rìn, kó fi ọmọ ìka rìn, yóò sì fi òòlù kékeré kan orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n á fò. Ẹ́síréè ò lè fi dísìkì hàn, eegun ló ń rí. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló ń fi í hàn, àmọ́ àṣejù wà nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré tọ̀ ọ́ lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1994, wọ́n ya MRI fún èèyàn 98 tí ẹ̀yìn ò dùn: ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní dísìkì tó wú, ìdá 27 sì ní èyí tó ti ru síta. Àwòrán tí kò bá ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ mu ò já mọ́ nǹkan kan. Tí kò bá sí àmì ewu, wọ́n sábà máa ń dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó yà á.

Àmì ewu kò pọ̀, àmọ́ kò sí eré nínú wọn. Okùn ọpọlọ tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá máa ń dópin ní nǹkan bí L1 tàbí L2. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìdì iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀, ìdí àti abẹ́. Tí dísìkì ńlá bá bẹ́ sáàárín, ó lè fún gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí èèyàn fi ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ á kú, ìtọ̀ ò ní wá tàbí kó máa dà láìmọ̀, ìgbẹ́ lè máa yọ, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì máa rọ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe ọ̀la, torí bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe pẹ́ tó ni àǹfààní pé ìtọ̀ á padà bọ̀ sípò ṣe ń dín kù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ sí i lójoojúmọ́ náà ò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Ẹ̀yìn dídùn pẹ̀lú ibà, tàbí lára ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá, ó sì yẹ kí wọ́n tètè wá ìdí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí àwọn yẹn, sùúrù ló ń wo ọ̀pọ̀ sàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà tó dá ooru àti wíwú sílẹ̀ ló ń jẹ ohun tó tú síta náà tán díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì jáde jù ni wọ́n ń rí jẹ jù. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2015 rí i pé ègé tó ti já kúrò máa ń dínkù fúnra rẹ̀ lára ẹni 96 nínú 100, èyí tó ya òrùka kọjá lára 70, èyí tó kàn ru síta lára 41, èyí tó wú lásán lára 13 péré. Àbọ̀ MRI tó ń dáyà foni jù lè jẹ́ èyí tó máa kọ́kọ́ yòrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ara ọ̀pọ̀ ti fúyẹ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú láàárín àkókò yìí ni láti mú kí sùúrù náà ṣeé fara dà. Dídùbúlẹ̀ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ ń pa ni lára ju bó ṣe ń ṣeni lóore lọ. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ àti iṣẹ́ tí ara bá gbà ló dára. Òògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí naproxen ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín. Wọ́n ti ń kọ pregabalin, òògùn ìrora iṣan ìmọ̀lára, fún irú ìrora yìí káàkiri. Ìwádìí kan láti Australia ní 2017 fi í wé òògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, kò sì rí ìyàtọ̀ nínú ìrora ẹsẹ̀, àfi òòyì tó ń kọ àwọn tó ń lò ó. Físíótẹ́rápì ń kọ́ni ní eré ara tó ń mú ẹran ara ìbàdí àti ti ikùn le, ó sì ń fún èèyàn ní ìgboyà láti tún máa lo ẹ̀yìn rẹ̀. Ti àwọn tó ń gun èèyàn lẹ́yìn tàbí tó ń fi agbára yí i pé àwọn fẹ́ dá dísìkì padà sáyè: ohun tó ti tú jáde nínú òrùka kò ní ẹnu ọ̀nà tí ọwọ́ lè tì í gbà wọlé.

Abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan náà máa ń pa ooru ibẹ̀, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í sọ pé kí dísìkì wọlé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ padà.

Iṣẹ́ abẹ ni ti ẹni tí oró ẹsẹ̀ rẹ̀ ò rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, tí MRI rẹ̀ sì bá ibi tó ń dùn ún mu. Wọ́n á la ojú kékeré sí ìbàdí, wọ́n á fi maikirosikópù wo inú, wọ́n á yọ ègé tó ń tẹ iṣan, wọ́n á sì fi èyí tó kù nínú dísìkì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dìde rìn lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ní Netherlands, wọ́n pín èèyàn 283 tí ẹsẹ̀ ti ń dùn fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 sí ọ̀nà méjì: wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì ní sùúrù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tètè rí ìtura, àmọ́ nígbà tí ọdún kan pé, nǹkan bí 95 nínú 100 lápá méjèèjì ló sọ pé ara àwọn ti yá. Ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní sùúrù ló padà wá ṣe é nígbà tí wọn ò lè fara dà á mọ́. Nítorí náà, ohun tí iṣẹ́ abẹ ń rà fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni àkókò, ẹni tí oró ò sì jẹ́ kó sùn ló mọ iye tí àkókò yẹn tó.

Ìrora ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà dára fún. Ìrora ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti kú lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jí, òmíràn kì í sì jí tán. Lára ẹni bíi 5 sí 15 nínú 100 tí wọ́n ṣe é fún, dísìkì kan náà tún máa ń bẹ́, torí ojú tó là nínú òrùka ṣì wà níbẹ̀. Tó bá sì bẹ́, tí kò sí àmì ewu, sùúrù náà ni wọ́n á kọ́kọ́ tún fi bẹ̀rẹ̀.