Àwọn tó tẹ òpó fọ́ ló ni ìmọ̀ yìí

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà n'Ìbàdàn pé ta ló bẹ̀rẹ̀ fífi kọ̀ǹpútà wo bí òpó kọ̀ǹkéré ṣe ń wó, Ray Clough, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n á dárúkọ. Òótọ́ ni, òun ló pe ọ̀nà ìṣirò tó ń pín nǹkan sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣírò rẹ̀ ní "finite element" lọ́dún 1960. Orúkọ nìyẹn, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Armand Considère, ará Faransé, ni mo fi gbogbo ẹnu gbè fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó wé irin yí òpó kọ̀ǹkéré ká, ó sì dán agbára rẹ̀ wò. Bí ẹrù bá wọ òpó lọ́rùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa wú síta, kọ̀ǹkéré kò sì lè gba fífàya. Irin tó yí i ká ló ń dá wíwú náà dúró. Ó dá mi lójú pé àwọn bàbá wa ti fura sí i ná: ta ni kì í fi okùn di igi òpó tó fẹ́ là? Lọ́dún 1928, Richart, Brandtzæg àti Brown ní Yunifásítì Illinois fún kọ̀ǹkéré pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíká, wọ́n sì rí i pé ìlọ́po 4.1 ìfúnpọ̀ náà ló ń kún agbára rẹ̀.

Ẹ wo òpó tí wọn ò tíì da kọ̀ǹkéré sí ní Bódìjà. Bí òrùka irin tí wọ́n fi wáyà dì mọ́ irin gbọọrọ bá jìnnà síra, irin gbọọrọ á yọ ikùn láàrin méjì, kọ̀ǹkéré inú á sì tú. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọsibítù Olive View ní Kalifọ́níà, nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́dún 1971: òpó tí irin kan ṣoṣo wé yíká láìjá tẹ̀, ó sì dúró, àwọn tó ní òrùka lásán fọ́.

Ilé Kòkó wa, alájà 26, ti dúró ní Dùgbẹ̀ lọ́dún 1965. Ọdún 1967 ni Ngo àti Scordelis tó gbé ìtì kọ̀ǹkéré onírin sínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ yan ibi tó máa sán sí. Rashid tẹ̀ lé e lọ́dún 1968. Lọ́dún 1988, Mander, Priestley àti Park kọ ìlànà ìṣirò agbára kọ̀ǹkéré tí irin yí ká, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń lò títí dòní, àlàfo òrùka sì wà nínú ohun tó ń béèrè.