Àlàfo Tó Tín-ín-rín Bí Irun: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Dáì Tó Ń Gé Irin

Ìdérí ìgò, owó ẹyọ, ṣíbí, ìlẹ̀kùn ọkọ̀, agolo: kò sí ẹni tó jókòó fi òòlù lù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dáì ló bí gbogbo wọn. Dáì ni ohun èlò onírin líle tí wọ́n ń dè mọ́ inú ẹ̀rọ ìtẹrin, tó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá ti wálẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ á gé tàbí á tẹ̀ sí bátànì kan náà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Agbára nìkan ló ní. Inú dáì ni ọgbọ́n wà. Dáì kan lè bí ọjà mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń ṣe, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń parí rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni èyí tó ń gé nǹkan. Ó ní akọ, ó ní abo. Abo ni irin nípọn tó dúró sí ìsàlẹ̀, tí ihò wà nínú rẹ̀. Akọ ló ń tòkè bọ̀, tó ń wọ inú ihò yẹn, tó sì ń ti irin pẹlẹbẹ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè á rò pé ṣe ni akọ kàn gé irin wọ̀ọ́ látòkè délẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí akọ bá ṣe kan irin, irin náà á kọ́kọ́ tẹ̀ wọnú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni akọ á wọ inú ara rẹ̀, ibi tó bá gbà kọjá á sì máa dán. Ṣùgbọ́n kí akọ tó jáde sí òdìkejì rárá, apá tó kù kò ní lè gbà á mọ́ra mọ́: á sán láti etí akọ lókè, á sán láti etí abo nísàlẹ̀, sísán méjèèjì á pàdé, irin á já. Ẹni tó bá gbé irin tí wọ́n gé báyìí sójú ìmọ́lẹ̀ á rí gbogbo rẹ̀ létí irin náà, apá kan ń dán, apá kejì rí jágbajàgba.

Kí sísán méjèèjì tó lè pàdé, àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín akọ àti abo. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ dáì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Fún irin rírọ̀, àlàfo tó yẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún bí irin náà ṣe nípọn tó. Bí irin bá nípọn ní mìlímítà 1, a jẹ́ pé àlàfo náà wà láàárín mìlímítà 0.05 sí 0.1, bí irun orí kan ṣoṣo. Ó sì gbọ́dọ̀ rí bákan náà yíká. Bí ó bá fẹ̀ jù, irin á kọ́kọ́ fà wọnú àlàfo kó tó já, ẹ̀gún á sì hù sí etí ọjà, ẹ̀gún tó lè ya ọwọ́. Bí ó bá há jù, sísán méjèèjì á gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láì pàdé, akọ á máa gé ohun tó yẹ kó ti já, ẹnu dáì á sì tètè kú. Bí ẹ̀gún bá hù sí apá kan ṣoṣo, onídáì ti mọ̀ pé akọ ti yẹ̀ kúrò láàárín, kò tíì mú òṣùwọ̀n kankan dání.

Ó ku ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá àlàfo yìí, ìwọ̀n ta ni wọ́n máa yí, ti akọ ni àbí ti abo? Bí ó bá jẹ́ pé ègé tó jábọ́ ni ọjà, ìwọ̀n abo ni ègé náà máa gbé jáde, nítorí náà abo ni wọ́n á ṣe sí ìwọ̀n gan-an, wọ́n á dín akọ kù. Bí ó bá jẹ́ pé ihò ni wọ́n ń wá, ìwọ̀n akọ ni ihò máa jẹ́. Wọ́n á mú akọ déédéé, wọ́n á fẹ abo. Ẹni tó bá gbé e sódì ti fi irin olówó ńlá ṣòfò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò agbára kò le rárá. Wọ́n á wọn gígùn ibi tí wọ́n fẹ́ gé yíká, wọ́n á fi bí irin ṣe nípọn tó sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á tún fi agbára tí irin náà fi ń kọ gígé sọ ọ́ di púpọ̀. Ègé róbótó tó fẹ̀ ní mìlímítà 50, lára irin tó nípọn ní mìlímítà 2, tó ń kọ gígé pẹ̀lú 300 niútọ́nù (òṣùwọ̀n agbára) lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, á gba nǹkan bí 94,000 niútọ́nù, ìyẹn nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Ohun tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kì í rò ni bí akọ ṣe máa jáde padà. Irin tí wọ́n gún máa ń di akọ mú, á sì fẹ́ bá a gòkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àwo kan tí sípírìǹgì wà lẹ́yìn rẹ̀ yí akọ ká, òun ló ń bọ́ irin kúrò lára rẹ̀. Ihò abo pàápàá kì í ṣe ìwọ̀n kan náà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn mìlímítà díẹ̀ láti ẹnu, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ègé lè jábọ́, kó má baà kó jọ síbẹ̀ títí abo á fi bẹ́.

Ọjà tó ní ihò, tó tún ní ìtẹ̀, kì í sábà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Dáì onípele ni wọ́n ń ṣe fún un. Irin tí wọ́n ká jọ á máa tú wọlé bí ọ̀já, á máa sún síwájú ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá gòkè. Ní ipele àkọ́kọ́, wọ́n á lu ihò atọ́nà, èyí tó lè má sí lára ọjà tó bá yá. Ní àwọn ipele tó tẹ̀ lé e, ọ̀pá ṣóńṣó á wọ inú ihò yẹn, á fa irin náà sí ààyè rẹ̀ kí akọ tó kàn án. Ipele ìkẹyìn ló ń já ọjà kúrò. Báyìí ni àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tò sínú mọ́tò iná mànàmáná ṣe ń jáde, nínú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Orí ìwé ni wọ́n ti ń jẹ èrè irú dáì yìí tàbí kí wọ́n pàdánù rẹ̀: bí wọ́n bá to ọjà sára irin dáadáa, irin tó ń ṣòfò á dín kù. Ayàwòrán tó gbọ́n á tún fi ipele òfo kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín, nítorí ó mọ̀ pé ìtẹ̀ kan wà tí kò ní jáde bó ṣe wà lórí ìwé, wọ́n á sì nílò ààyè láti fi ìtẹ̀ mìíràn kún un.

Gígé ṣì rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títẹ̀. Irin tí wọ́n bá tẹ̀ máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wà. Bí wọ́n bá ṣe dáì sí igun 90 gẹ́lẹ́, igun tó máa jáde á ṣí ju 90 lọ. Irin rírọ̀ kì í padà púpọ̀. Irin alágbára tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òde òní máa ń padà gan-an. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó yẹ, kó lè padà wá síbi tó yẹ.

Fífa irin jinlẹ̀, èyí tó ń sọ irin pẹlẹbẹ di agolo, ló gba sùúrù jù. Etí irin á máa wọ́ bọ̀ láàárín, bó ṣe ń wọ́ bọ̀ ni òbírí rẹ̀ ń kéré sí i, irin tí kò ráàyè á fẹ́ hunjọ. Wọ́n á fi àwo kan tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, á hunjọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, kò ní lè wọ́, ibi ìsàlẹ̀ á ya. Bí irin róbótó náà bá fẹ̀ ju ìlọ́po méjì akọ lọ, kò sábà ṣeé fà lẹ́ẹ̀kan; wọ́n á pín in sí ipele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin tí wọ́n fi ń ṣe dáì gbọ́dọ̀ le ju èyí tó ń gé lọ, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ le débi tí á fi máa ṣẹ́. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni D2: nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kábọ̀nù, nǹkan bí ìdá 12 sì jẹ́ kurómíọ̀mù. Rírọ̀ ló máa ń dé ọwọ́ onídáì. Wọ́n á gé e, wọ́n á lu ihò rẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló máa wọ iná ìléru, tó gbóná tó nǹkan bí 1,010°C, wọ́n á sì jẹ́ kí atẹ́gùn tù ú. Nígbà yẹn ó ti le, ṣùgbọ́n ìkọlù kékeré lè fọ́ ọ. Wọ́n á dá a padà sínú iná tó rọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni líle tó wà láàárín 58 sí 62 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C. Iná sì máa ń wọ́ irin, ó kéré ni o, ó pọ̀ ni o. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìwọ̀n ni wọ́n á wá fi òkúta ìlọrin lọ̀ kúrò.

Ihò tó ní kọ̀rọ̀ àti igun ni ìṣòro, nítorí òkúta ìlọrin kò lè dé inú rẹ̀. Ní 1943, Boris àti Natalya Lazarenko, tọkọtaya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Soviet Union, ń wá ọ̀nà láti dá iná mànàmáná tó ń ta pàrà lẹ́kun, kó yé jẹ ojú irin tungsten. Wọn kò rí i dá lẹ́kun, ni wọ́n bá sọ jíjẹ náà di irinṣẹ́. Ẹ̀rọ tó tibẹ̀ jáde kì í fi ẹnu gé irin: iná kéékèèké ló ń jẹ ẹ́ nínú epo tàbí omi àfọ̀mọ́, bí irin ṣe le tó kò sì kàn án. Ti òde òní ń lo wáyà idẹ, tó sábà jẹ́ mìlímítà 0.25, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, wáyà náà kì í sì í fara kan irin rárá. Ó ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ fáìlì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ha irin, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá ń to dáì pọ̀ ni èyí máa ń hàn. Òpó atọ́nà ló ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ bára mu, síbẹ̀ ọwọ́ àti ojú ló ń parí rẹ̀. Fún dáì tó ń fa irin, wọ́n á fi ọ̀dà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ojú akọ, wọ́n á pa á dé, wọ́n á ṣí i. Ibi tí ọ̀dà bá ti mọ́ abo ló ga jù, ibẹ̀ ni wọ́n á fi òkúta ha. Wọ́n á tún kùn ún, wọ́n á tún pa á dé, títí ọ̀dà á fi kàn án yíká. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Jámánì máa ń lo ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lẹ́nu rẹ̀, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ.

Dáì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń kújú. Bí ẹ̀gún etí ọjà bá ti ń ga sí i, wọ́n á tú u, wọ́n á lọ̀ díẹ̀ kúrò lójú akọ àti abo kí ẹnu wọn lè mú padà, wọ́n á sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún abẹ́ rẹ̀ kó lè ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á máa so ègé ìkẹyìn tó jáde mọ́ dáì nígbà tí wọ́n bá gbé e sí pẹpẹ, kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lè mọ ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n lílọ̀ yìí lópin. Mìlímítà díẹ̀ tí ihò abo fi wà ní ìwọ̀n kan náà láti ẹnu ni gbogbo ohun tó ní láti ná. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kọjá ibẹ̀, ibi tó ń fẹ̀ ni ẹnu á dé, ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ju ìwọ̀n lọ, abo tuntun ni wọ́n máa gé.