Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ egbò kò jinná

Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ máa ń bi wá ní Ìlọrin níbí pé: "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ṣúgà ló ń fún ara lágbára, kí ló wá dé tí egbò ẹsẹ̀ mi kò san?" Ìbéèrè gidi ni.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ ogun ara, bí wọ́n ṣe ń jẹun ló sì ń sọ irú ogun tí wọ́n lè jà. Neutrophil, irú kan nínú wọn, ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ojú egbò. Ṣúgà ló gbójú lé, kò sì nílò ọ́síjìn púpọ̀ láti lò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò ní í ta pútú nínú egbò tó ń ṣọyún, torí ọ́síjìn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì T, irú mìíràn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, yàtọ̀. Nígbà tí ara bá dákẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun. Gbàrà tó bá dá kòkòrò mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣúgà mì wìtìwìtì. Kì í ṣe torí agbára nìkan: ó fẹ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ara ṣúgà yẹn ló sì ti ń rí èròjà tí yóò fi kọ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun. Bí àìsàn bá lọ, ọ̀pọ̀ wọn á kú. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, tó ń rántí kòkòrò náà, á padà sí ìjẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀rá á sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Wọ́n lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara ohun tó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ẹyọ kan ṣoṣo tó èèyàn lò títí ayé nìyẹn. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ní ti àtọ̀gbẹ, ṣúgà tó pọ̀ jù kì í fún neutrophil lágbára. Á máa falẹ̀ kó tó dé ojú egbò, bó bá sì dé, kò ní í lè gbé kòkòrò mì bó ṣe yẹ. Ṣúgà yìí kan náà ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ jẹ́, ó sì ti pa ìmọ̀lára ibẹ̀. Àlájà kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ l'ọ́jà Ìpàta bọ́ bàtà níwájú mi: òkúta wẹ́wẹ́ ti jẹ ihò sábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ẹ máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka yín lálaalẹ́. Bí ṣúgà òwúrọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu, bá tó 126 mg/dL lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ má fi omi gbígbóná jó egbò o. Ẹ tètè wá, ká tọ́jú egbò, ká sì jọ wá bí ṣúgà yóò ṣe wálẹ̀, torí oògùn apakòkòrò nìkan kì í sábà tó nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ṣì ń wọ́lẹ̀.