Ẹnu Fèrè Kan, Ẹ̀yà Orin Púpọ̀: Bí Saxophone Mẹ́rin Ṣe Ń Pa Ohùn Dà

Bí iṣẹ́ orin kan fún saxophone mẹ́rin, soprano tí ohùn rẹ̀ ga jù, alto, tenor àti baritone tí tirẹ̀ rẹlẹ̀ jù, bá bẹ̀rẹ̀ bí orin ìsìn, tó di swing, ẹ̀yà jáàsì kan, tó tún yà sí tango, orin ijó ilẹ̀ Argentina, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé ṣe ni àwọn afọnfèrè pààrọ̀ ẹnu fèrè. Rárá o. Kọ́ọ̀kì ọrùn fèrè ni wọ́n ń ti ẹnu fèrè bọ̀: bó bá wọlé jù, ohùn á ga, bó bá yọ síta díẹ̀, á wálẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ láàárín orin ti da ohùn tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ tò rú. Ahọ́n, àgbọ̀n àti èémí ló ń ṣe gbogbo àyípadà náà.

Swing ló fi èyí hàn jù. Gbogbo ayé mọ̀ pé bí bíìtì kan bá pín sí méjì nínú swing, apá kìíní máa ń gùn ju ìkejì lọ, bí ìlọ́po méjì tí orin bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá yára, méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ ẹni tó pín in dáadáa ṣì lè máa tiro. Apá kejì, èyí tó kúrú, ni ahọ́n ti ń kan reed, ìyẹn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lára ẹnu fèrè; èémí ló ń gbé e wọnú bíìtì tó tẹ̀lé e láìkan ahọ́n mọ́. Bí ìgbà tí èèyàn sọ gbólóhùn kan náà ní ẹ̀ka èdè méjì ni: ọ̀rọ̀ kò yí, ibi tí agbára bọ́ sí ló yí.

Tango ní tirẹ̀ kì í sábà ní ìlù. Baritone ló ń ṣe iṣẹ́ ìlù: á tẹ́ ahọ́n lé reed pẹrẹsẹ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn, á wá já a, á dún "pà!"

Àárín swing sí orin ìsìn ni wàhálà wà. Àgbọ̀n ti dẹ̀, ohùn ti wálẹ̀, orin ìsìn sì nílò ohùn tó dúró ṣinṣin, láìgbọ̀n. Ẹni tó di ohùn kẹta kọ́ọ̀dù májọ̀ (bíi E nínú C, E, G tó jọ dún) mú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdá 14 nínú 100 semitone, ìgbésẹ̀ tó kéré jù láàárín ohùn méjì lórí dùùrù, kó tó jókòó. Bó bá lọ jẹ́ D àárín, tó máa ń fẹ́ ga lórí saxophone, iṣẹ́ di méjì. Olùkọ̀wé orin tó gbọ́n á jẹ́ kí àwọn méjì sinmi díẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, kí wọ́n tún ẹnu wọn tò.

Àwọn kan ní ìṣekárími ni dída ẹ̀yà orin pọ̀. Àmọ́ ohùn saxophone mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra ju ti fèrè mìíràn lọ, etí sì ń tètè sú. Glazunov, olùkọ̀wé orin ará Rọ́ṣíà, mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1932: nínú kọ́tẹ̀ẹ̀tì rẹ̀, iṣẹ́ orin fún saxophone mẹ́rin, orin kan náà ló yí padà, ó ṣe bíi ti Schumann, ó tún ṣe bíi ti Chopin, àwọn olùkọ̀wé orin tó ṣáájú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi B♭ ìsàlẹ̀ pátápátá lórí tenor parí orin ní jẹ́jẹ́. Ohùn yẹn kì í fẹ́ jáde ní jẹ́jẹ́. Ṣe ló máa ń bú jáde. Nínú jáàsì, afọnfèrè lè dẹ àgbọ̀n kí ó di ohùn eléèémí. Nínú orin ìsìn, kò bójú mu. Kí wọ́n gbé e fún baritone: F ìsàlẹ̀ ni yóò jẹ́ níbẹ̀, torí orúkọ tí tenor àti baritone ń pe ohùn kan kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ohùn kan náà gan-an ni, ó sì rọrùn láti fọn ní jẹ́jẹ́.