Ẹ̀yin tó ń ti Ẹlẹ́yẹlé lọ ju ìwọ̀ sókun, abẹ́ ẹsẹ̀ yín lẹja wà

Àbúrò kan tá a jọ máa ń ju ìwọ̀ létí omi Ẹlẹ́yẹlé ti Èkó dé pẹ̀lú kúlà òfìfo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja ò sí lókun mọ́." Mo bi í pé níbo ló ju ìwọ̀ sí lórí jẹ́tì, ìyẹn afárá tó yọ wọ inú òkun. Ó ní òun jù ú débi tí okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ríìlì. Ẹ̀rín pa mí, torí èmi náà ti fara gbá a rí.

Ẹlẹ́yẹlé ló ń tan àwa ará Ìbàdàn jẹ. Odò Ọ̀nà tí wọ́n sé ní 1942 ni, omi náà sì jókòó síbẹ̀ títí dòní. Bó bá ti di àfẹ̀mọ́jú tàbí ìrọ̀lẹ́, epìyà á máa jẹ, ó tán. Òkun kì í jókòó ní tiẹ̀. Ó ń kún fún nǹkan bíi wákàtí 6, ó ń fà fún bíi 6, ìgbà kíkún rẹ̀ sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá pa ẹja ní aago 6 àárọ̀ Sátidé nígbà tí omi kún dẹ́nu, tí ẹ̀yin náà wá dé ibẹ̀ ní aago 6 Sátidé kejì, omi á ti fà tán pátápátá. Ẹ má bá ọ̀rẹ́ yín jà pé ó purọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo àkókò omi lórí fóònù kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà. Wákàtí 2 tó gbẹ̀yìn kíkún omi àti wákàtí 1 tó kọ́kọ́ ń fà ni mo fẹ́ràn jù. Bí omi bá dúró gbári, ẹ jẹ búrẹ́dì yín.

Ẹ wo òpó tó gbé jẹ́tì dúró dáadáa. Àwọn nǹkan kéékèèké oníkarahun ti lẹ̀ mọ́ ọn, akàn ń rá pálá láàárín wọn, edé ń sá pamọ́ sínú òjìji. Búkà nìyẹn. Àwọn ẹja ńlá mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí a ṣe mọ ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Ẹ rọra sọ ìwọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, níhà tí omi ń wọ́ lọ, kí òjé tó ń fa ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀ kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa okùn kó le díẹ̀. Ìwọ̀ á há nígbà míì. Ẹ gbé òjé mẹ́ta mẹ́rin dání.

Edé tútù tẹ́ ẹ bá rà ní Bódìjà láti fi ṣe ìjẹ á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ kẹ́ ẹ tó dé Èkó, ẹja kékeré á sì gbọn ọ́n dànù lẹ́nu ìwọ̀. Ẹ bọ́ orí rẹ̀, ẹ da iyọ̀ sí i, kó sùn mọ́jú. Yóò le bíi rọ́bà. Ìrù ni kẹ́ ẹ ti ki ìwọ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹnu ìwọ̀ yọ ṣín-ún.

Bí ẹja àpò, tí wọ́n ń pè ní croaker, bá gbé ìwọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń kùn lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi okùn gbé ẹja tó tóbi sókè, á já. Àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ róbótó irin ni kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún un. Òbòkún ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ̀gún rẹ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lósì, gbogbo wọn ló ní oró. Ọ̀kan gún mi ní àtàǹpàkò, mo sì sunkún níṣojú àwọn ọmọdé. Ẹ fi aṣọ mú un. Bó bá gún yín, ẹ ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí ara gbà títí tí yóò fi rọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ rí nọ́ọ̀sì bí ẹ̀gún bá kù sínú.