Ibi Tí Fáńdéṣọ̀n Ojú Àgbà Ti Ṣẹ̀ Wá

Tí ọ̀rọ̀ fáńdéṣọ̀n bá délẹ̀, orúkọ Max Factor, ẹni tó ń ṣe ìpara ojú fún àwọn òṣèré fíìmù, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá, àfi bí ẹni pé kí ọkùnrin yẹn tó dé Hollywood, aráyé ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìpara aláwọ̀ tẹ́ ojú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń pè ní fáńdéṣọ̀n lónìí ti lé ní 1,800 ọdún, ojú àgbà ni mo sì gbà pé wọ́n torí rẹ̀ po ó, kì í ṣe ojú ọ̀dọ́. Agolo kékeré kan tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ ní Southwark, ní gúúsù London, lọ́dún 2003, ni ẹ̀rí mi.

Tabard Square ni wọ́n ti rí i, nínú gọ́tà kan ní ọgbà tẹ́ńpìlì ayé àwọn ará Róòmù. Àárín ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n kà á sí. Tíìnì ni wọ́n fi ṣe é, kò ju ohun tí èèyàn lè dì mú sínú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìdérí rẹ̀ sì dé pinpin débi pé ẹrẹ̀ inú gọ́tà kò ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìpara funfun ló kún inú rẹ̀, ipa ìka ẹni tó lò ó kẹ́yìn sì ṣì hàn lórí èyí tó lẹ̀ mọ́ inú ìdérí. Ẹni náà ti fìka fà á, ó ti pa á dé, kò sì padà wá ṣí i mọ́.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Bristol yẹ ìpara yìí wò, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2004. Ohun mẹ́ta ni wọ́n bá níbẹ̀: ọ̀rá màlúù tàbí ti àgùntàn, sítáàṣì, àti ẹ̀tù funfun tí wọ́n ṣe láti ara tíìnì. Nínú ìdá 100, ọ̀rá kó nǹkan bí 40, sítáàṣì kó nǹkan bí 40, ẹ̀tù tíìnì kó nǹkan bí 15. Wọn ò dúró síbẹ̀, wọ́n tún un pò, wọ́n sì fi pa ara. Bó ṣe kan awọ, ọ̀rá ló kọ́kọ́ yọ́, ara ń dán. Kò pẹ́, sítáàṣì gba iṣẹ́ ṣe, ojú ibẹ̀ wá ń yọ̀ múlọ́múlọ́, ó gbẹ bí àtíkè ṣe ń gbẹ, síbẹ̀ kò fà mọ́ awọ. Ẹ̀tù tíìnì ló wá fi àwọ̀ funfun sílẹ̀.

Àwọn tó ń pè é ní ìpara ìwòsàn lásán ò tíì wo ẹ̀tù yẹn dáadáa. Tíìnì kì í ṣe oògùn àìsàn kankan láyé ìgbà náà. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Ìpara tó ní ọ̀rá tó ń gbé e, ẹ̀tù tó ń jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, àti ohun aláwọ̀ tó ń bo àbàwọ́n, kí la tún fẹ́ pè é? Ẹ yí ìgò fáńdéṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ yín sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Dimethicone (ọ̀kan lára àwọn òróró silicone) ló dúró sípò ọ̀rá, silica dúró sípò sítáàṣì (sítáàṣì gan-an ṣì wà nínú àwọn kan), titanium dioxide àti ẹ̀tù ìpẹtà irin sì gbapò tíìnì. Ètò náà kò yí padà.

Ta ló ni agolo náà? Àgbà obìnrin ni mo fi ọkàn mi sí, ọ̀rá ìdá 40 yẹn ló sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Awọ ọ̀dọ́ ń ṣe òróró fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi ọ̀rá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sójú ọmọ ogún ọdún, kò ní pẹ́ tí ojú á fi máa dán yinrin, tí àwọ̀ á sì máa ṣí kúrò. Ojú tí òróró rẹ̀ ti ń gbẹ ló lè gba irú ìpara bẹ́ẹ̀ mọ́ra láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹ tún wo àpótí rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ tó gún régé ni, ẹni tó rí já jẹ ló ń ra irú rẹ̀, ẹni tó sì ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú ojú ló ń ṣọ́ ìpara débi tí á fi wá agolo tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà wọlé. Òjé funfun (májèlé ni) ni gbogbo ayé ń lò nígbà náà, ó sì wà káàkiri. Ẹni tó fi òjé sílẹ̀ tó gba tíìnì ti rí ohun tí òjé ń ṣe fún awọ, mo sì rò pé ojú tó ti gbó ló ń kọ́kọ́ rí i. Tíìnì kò sì jìnnà sí wọn, Cornwall lápá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù kan náà ni wọ́n ti ń wà á.

Ọ̀rúndún kan náà yẹn ni Galen gbé ayé, oníṣègùn ará Pergamon tí wọ́n bí lọ́dún 129, tó padà wá tọ́jú ọba Marcus Aurelius ní Róòmù. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tó bá dọ̀rọ̀ ìpara tútù. Á yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ òróró ólífì tí wọ́n ti rẹ òdòdó róòsì sí, á wá máa po omi mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi funfun. Tí wọ́n bá fi pa ara, omi inú rẹ̀ á máa fẹ́ lọ, awọ á tutù, òróró àti ìda á sì kù lẹ́yìn tí wọn ò ní jẹ́ kí omi inú awọ sá. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń rán ìpara olómi kí ẹ tó kan fáńdéṣọ̀n nìyẹn. Galen ní Róòmù, agolo ní Southwark, ìjọba kan náà, ọ̀rúndún kan náà: ọgbọ́n kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀, kí ọ̀rá ṣáájú, kí àwọ̀ tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ń tọ ìtàn lọ sí Gíríìsì ní tiwọn ń tọ òjé ni. Lóòótọ́, Xenophon, òǹkọ̀wé ará Gíríìsì, ti ròyìn ọkọ kan tó bá ìyàwó rẹ̀ wí nítorí òjé funfun tó fi kunjú, ọ̀rúndún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú agolo wa. Ṣùgbọ́n ìkunjú lásán nìyẹn, ó ń bo awọ, kò bá a gbé. Òjé yẹn náà ni ìlú Venice ní Ítálì tún sọ di olókìkí lẹ́yìn náà, òun ni wọ́n sì sọ pé ó pa Maria Gunning, ìyàwó ìjòyè Earl of Coventry ní England, lọ́dún 1760. Mi ò rí ìdí tí a ó fi pe májèlé ní baba fáńdéṣọ̀n.

Orí ìtàgé ni ọ̀rá ti padà wọ inú ìtàn. Ní Leipzig ní Jámánì, òṣèré kan tó ń jẹ́ Carl Baudin fẹ́ bo ojú ibi tí wíìgì ti pàdé iwájú orí rẹ̀, ló bá po ẹ̀tù síńkì funfun, amọ̀ aláwọ̀ ìyeyè àti ẹ̀tù pupa mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́dún 1873, Ludwig Leichner, akọrin opera, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tà ní Berlin, ó rọ ọ́ gbọọrọ bí ọ̀pá ẹfun ìkọ̀wé, gbogbo tíátà sì gbà á.

Max Factor wá. Lọ́dún 1914, ó rí i pé ọ̀dà ojú tíátà máa ń sán lójú àwọn tó ń ṣe fíìmù, ó sì ṣe èyí tó rọ̀, ní àwọ̀ 12. Mo yìn ín fún ìyẹn, nítorí ọ̀rá ló tún padà sí. Ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi lókìkí jù, Pan-Cake tí wọ́n lò fún fíìmù aláwọ̀ lọ́dún 1937 tó sì dé ọjà lọ́dún 1938, ló ṣi àwọn àgbà lọ́nà. Iná fíìmù ni wọ́n ṣe é fún, kí ojú má bàa dán. Òun la jogún tí a fi ń pe àtíkè tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ike ní pàǹkéèkì, òun náà ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin pé ojú tó gbẹ táútáú ni ojú tó dára.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà tó bá tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ yẹn. Láàárín ọdún márùn-ún tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, collagen tó gbé awọ ró lè dín tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, òróró ojú náà á sì máa dín kù. Awọ òkè á máa gbẹ, á máa bó wínníwínní. Tí àtíkè bá bà lé e, àwọn ibi tó ń bó yẹn á fa omi tó wà nínú ìpara mu, àwọ̀ nìkan á kù. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ń ká, ó ń nà, nígbàkigbà tí èèyàn bá rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ tí kò ní ọ̀rá tó ń gbé e á ṣí lórí òkè ìlà, á wọ́ jọ sínú kòtò rẹ̀, ìlà tí kò hàn láàárọ̀ á sì hàn kedere lọ́sàn-án.

Ìyókù kò gùn. Titanium dioxide gba ipò òjé àti síńkì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ ní nǹkan bí 1920. Silicone jẹ́ kí ìpara fẹ́lẹ́ kó sì máa yọ̀, silica roboto sì ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí ìlà kéékèèké fi ń fara pamọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú jìyà púpọ̀ kí ọjà tó gba tiwọn rò: Anthony Overton, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú, ti ń ta àtíkè wọn ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé iṣẹ́ Fashion Fair dé lọ́dún 1973, ilé iṣẹ́ Fenty sì gbé àwọ̀ 40 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún 2017.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ojú àgbà dáadáa ti kúrò lẹ́yìn pàǹkéèkì báyìí. Ìpara olómi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi pa ojú àti ọrùn, wọ́n á fún un láyè títí awọ á fi mu ún. Fáńdéṣọ̀n tó ń ṣàn ni wọ́n ń mú, kì í ṣe èyí tó nípọn, díẹ̀ ló sì ń kan ojú. Àárín ojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi fóòmù tí wọ́n ti rẹ sómi tí wọ́n sì ti fún tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ jẹ́jẹ́ lọ sí etí, wọn kì í fà á. Ibi tí àbàwọ́n bá ṣì ti hàn, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tún kàn. Àtíkè kò ju fífọwọ́bà lọ, ní imú àti àárín iwájú orí, abẹ́ ojú àti ìlà ẹ̀rín kì í rí i rárá.